Omi Tó Ń Padà Sílé

Kétu ni mo ti wá, Kétu ti apá Faransé, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́yìn Èkó tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń rò bí mo bá dárúkọ rẹ̀. Yorùbá ni à ń sọ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wá pààlà sáàárín wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Múṣin, Ègùn ni wọ́n ń pè mí. Mo ní èmi kì í ṣe Ègùn. Wọ́n ní kí n sọ èdè wa kí àwọn gbọ́. Mo sọ ọ́, Yorùbá tí àwọn náà ń sọ, àfi pé tiwa máa ń fà díẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní Ègùn yìí mà gbọ́ Yorùbá o.

Ohun tó kọ́kọ́ dójú tì mí l'Ékòó ni ìkíni. Ní Kétu, a kì í ré àgbàlagbà kọjá bí ẹni ré igi kọjá. Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo fẹsẹ̀ rìn láti Múṣin lọ sí Yábàá láti wá iṣẹ́, gbogbo ẹni tó bá ti ní irun funfun lórí ni mo ń dọ̀bálẹ̀ fún. Kí n tó dé Sábó, ẹ̀yìn ti ń ro mí, iyanrìn ti kún àyà aṣọ mi. Bàbá kan tó mú ìwé ìròyìn dání dúró, ó bi mí pé kí ló bọ́ lọ́wọ́ mi tí mò ń wá nílẹ̀. Mo ní mò ń kí i ni. Ó ní ṣé òun mọ̀ mí ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ojú ènìyàn kí n tó kí i, ohun tí mi ò bá sì mọ̀, mi ò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ohun tí mo sọ yìí, torí òun ló padà kó bá mi.

Ọ̀gá Lásísì ló gbà mí síṣẹ́. Púlọ́ḿbà ni, ọmọ bíbí Múṣin, ẹni tó ń so páìpù omi sínú ilé àwọn akọ̀wé àti tíṣà ní Yábàá àti Sùúrùlérè. Kì í pariwo, kì í sì í yin ènìyàn. Bí o bá ṣe iṣẹ́ tó dáa, á wo ibẹ̀, á wo ojú rẹ, á ní kí o kó irinṣẹ́ kí ẹ máa lọ, àkókò ìrun ti tó. Ọdún kan gbáko ni mo fi rò pé iṣẹ́ mi kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀ ló là mí lọ́yẹ̀ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá dáa, Ọ̀gá kì í dá a lóhùn rárá.

Mo yá yàrá kan ní Múṣin, mo ránṣẹ́ sí Abẹ̀ní, ìyàwó mi, ó wá bá mi. Ẹnu Ìyá Aláta ni mo fi ránṣẹ́ náà. Ará Kétu ni, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló máa ń kó ata wá sí ọjà Ojúwòyè. Ìyá mi kò mọ̀wé, èmi náà kò sì fẹ́ kí akọ̀wé ojú pópó bá mi kọ ohun tó wà nínú mi sílẹ̀. Ẹnu Ìyá Aláta ni lẹ́tà wa. Bí mo bá ti gbọ́ pé ó dé, mo máa ń lọ jókòó tì í lọ́sàn-án Sunday, mo máa ń bá a ṣa ata tó ti rà kúrò nínú èyí tó dáa, kò sì sí nǹkan mìíràn tí mo ń wá níbẹ̀ ju kí n gbọ́ kí ẹnìkan fa ọ̀rọ̀ bí àwa ṣe ń fà á. Á ní màlúù ẹ̀gbọ́n mi bímọ, á ní òrùlé ilé wa ti ń jò. Èmi á ní kí ó sọ fún ìyá mi pé ara mi le. Irọ́ ni nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n irọ́ bẹ́ẹ̀ kò wúwo lórí ata.

Ọmọ wa àkọ́kọ́, inú yàrá Múṣin yẹn ni Abẹ̀ní bí i sí, lọ́sàn-án gangan. Ìyá àgbà kan láti ojúlé kejì ló gbẹ̀bí rẹ̀. Nígbà tí olóbi jáde, mo mú ìkòkò kékeré kan àti ọkọ́, mo lọ bá onílé pé kí ó fi igun kan hàn mí lẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá ti bímọ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Olóbi ni ìkejì ọmọ, ilẹ̀ tó bá gbà á ni ọmọ náà yóò máa pè ní ilé títí láé. Onílé ń jẹun lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, “Ilẹ̀ tèmi? Ká sin ín síbẹ̀, kí ọmọ rẹ wá dàgbà tán, kó sọ fáwọn ọmọ mi pé ibí ni wọ́n ti bí òun, pé òun náà ní ìpín? Àlejò ni ẹ́, ọ̀rẹ́. Gbé e lọ sílé yín.”

Ilé wa. Ọ̀nà odindi ọjọ́ kan pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ títí ìyá àgbà yẹn fi wá gba ìkòkò náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n má ṣèyọnu, òun á bá mi wá ibì kan. Kò sọ ibi tó gbé e lọ fún mi rí. Ó ku ọ̀la kí a sọ ọmọ lórúkọ ni ọmọ náà padà lẹ́yìn wa. Mo mọ ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì máa sọ, wọ́n á ní abẹ tí wọ́n fi gé ìwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ọmọ yẹn, onílé tó ń jẹun ni mò ń rí, ọkàn mi kò sì tíì dárí jì í di òní.

Nígbà tí Abẹ̀ní tún lóyún, mo rán Ìyá Aláta sílé. Èsì tó mú bọ̀ kò gùn. Ìyá mi ní kí Abẹ̀ní máa bọ̀ kí oyún tó pé oṣù méje. Ó ní ilẹ̀ bàbá mi kò kọ ẹnikẹ́ni rí, òun sì ti ra ìkòkò tuntun sílẹ̀ de ọmọ náà.

Èmi náà ti gbà, mo ti ń wá ọkọ̀. Àfi bí ẹsẹ̀ Abẹ̀ní ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ojú rẹ̀ náà ń wú láàárọ̀, orí ń fọ́ ọ. Mo mú un lọ sí Yábàá, sọ́dọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì.

Opó ni Màmá Nọ́ọ̀sì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ó ti ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí fún ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ilé àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀, akọ̀wé reluwé, kọ́ sílẹ̀ fún un kó tó kú ni ó sọ di ilé ìgbẹ̀bí. Ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ Abẹ̀ní, ìka náà wọlé bí ẹni tẹ búrẹ́dì. Ó ní bí ìyàwó mi bá gun ọkọ̀ akẹ́rù nínú ipò tó wà yìí, kí n má wá sunkún sọ́dọ̀ òun. Mo ní ṣé ó lè bí níbí. Ó ní bẹ́ẹ̀dì méjì ni òun ní, àwọn ìyàwó akọ̀wé ti forúkọ sílẹ̀ fún méjèèjì ní oṣù tí Abẹ̀ní máa bímọ. Kí n lọ wò ó ní ọsibítù ńlá. Ọsibítù ńlá ti kún, àwọn obìnrin ń dùbúlẹ̀ lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Lásísì. Nígbà tó rí i pé èmi ni mo gbé irinṣẹ́ tẹ̀ lé e, ó ní, “Àṣé púlọ́ḿbà ni ọkọ ẹlẹ́sẹ̀ wíwú.”

Ohun tó ń dà á láàmú nìyí. Táńkì omi gbígbóná wà lẹ́yìn ilé ìdáná, igi ni wọ́n ń dá sábẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀, páìpù kan gba ara ògiri lọ dé yàrá ìgbẹ̀bí tó wà níwájú pátápátá. Bí o bá ṣí ẹ̀rọ ní yàrá yẹn, omi tó ti sùn sínú páìpù tó sì ti tutù ni yóò kọ́kọ́ jáde. Garawa méjì á kún kí gbígbóná tó dé. Ọmọ tuntun kì í dúró de garawa méjì. Màmá Nọ́ọ̀sì ní nígbà tí òun lọ kẹ́kọ̀ọ́ nílùú òyìnbó, bí òun bá ti ṣí ẹ̀rọ ni gbígbóná máa ń jáde, wọ́n sì sọ fún òun pé omi náà kì í sùn, pé ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀. Òun fẹ́ irú ẹ̀ nínú ilé àtijọ́ òun.

Ọ̀gá Lásísì họ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní òun kò tíì ṣe irú ẹ̀ rí, òun ò sì ní purọ́.

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

Àwọn méjèèjì wò mí bí ẹni pé àga tó wà nílẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kí n tó wá sí Èkó, mo ti ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ lápá Faransé, ní ilé àwọn sísítà Àgùdà, níbi tí Fadá òyìnbó kan ti so irú páìpù bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń gbé páìpù fún un. Ohun tó kọ́ mi kò pọ̀. Omi gbígbóná fúyẹ́, á máa gòkè fúnra rẹ̀. Èyí tó bá ti ń tutù wúwo, á máa wá ìsàlẹ̀. Tí o bá fún un ní páìpù kejì tí yóò gbà padà sí ìdí táńkì, omi á máa yí po láìsí ẹni tó ń tì í, gbígbóná á sì máa wà lẹ́nu ẹ̀rọ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n páìpù ìpadàbọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ máa rọra dà sísàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dópin. Kò gbọdọ̀ gòkè níbì kankan lójú ọ̀nà. Bó bá gòkè, afẹ́fẹ́ á jókòó síbẹ̀, omi ò ní lè kọjá.

Màmá Nọ́ọ̀sì wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní tí mo bá ṣe é, tó sì ṣiṣẹ́, òun á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹta fún Abẹ̀ní sínú yàrá òun fúnra òun. Bí mo ṣe wá rí ibi tí wọ́n máa bí ọmọ mi sí nìyẹn, lórí páìpù tí mi ò tíì fọwọ́ kàn.

Inú mi dùn débi tí mo fi kọrin lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ní kí n dákẹ́, kí àwọn ará Yábàá má rò pé Ègùn òun ti mutí.

Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé náà rọra dà sẹ́yìn, síbi tí táńkì wà, ó dára fún iṣẹ́ wa. Ọ̀gá fi okùn fa ojú ọ̀nà tí páìpù máa gbà nínú ilẹ̀, ó ní kí n gbẹ́ ẹ, òun ń lọ parí iṣẹ́ kan ní Sùúrùlérè. Ọjọ́ kẹta, nígbà tí mo ti gbẹ́ ẹ dé ìdajì, ọkọ́ mi kan nǹkan tó dún. Mo fi ọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Ìkòkò kékeré ni, wọ́n fi àwo dé e lójú. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òmíràn tún wà.

Mo jókòó sínú kòtò. Mo mọ ohun tí wọ́n jẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Mo ronú pé ó níye ìyá tó bímọ síbí, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ìkejì ọmọ òun wà ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní dé. Èmi wá dé pẹ̀lú ọkọ́. Mo bo àwọn ìkòkò náà padà.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ṣòro. Kí n dìde, kí n kan ilẹ̀kùn, kí n ní, “Màmá, ẹ wá wo nǹkan tí mo rí.” Ọmọ ọdún márùn-ún á ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé mo mọ àwọn ará Èkó. Obìnrin tó kàwé nílùú òyìnbó, tó ń mú ìwé orin lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sunday, mo ní kò lè mọ̀ pé irú nǹkan wọ̀nyí wà nínú ilẹ̀ òun. Bó bá gbọ́, á ní kí n kó pàǹtírí yìí dànù. Ọ̀gá náà á ní iṣẹ́ la wá ṣe. Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Ègùn ti mú ìwà oko dé. Mo ṣe ohun tí mo rò pé ọlọ́gbọ́n máa ṣe. Mo to bíríkì, mo gbé páìpù gùn ún, mo fi gba orí àwọn ìkòkò náà kọjá láìkan wọ́n, mo sì tún sọ ọ́ kalẹ̀ lódìkejì. Mo kó iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí, mo gbin ewéko sí i kí Ọ̀gá tó dé. Èmi tí mo sọ fún wọn pé kò gbọdọ̀ gòkè níbì kankan.

Nígbà tí a parí, tí Ọ̀gá tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, omi yí po. Màmá Nọ́ọ̀sì ṣí ẹ̀rọ ní yàrá ìgbẹ̀bí, ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Lásísì wo ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó ní kí n kó irinṣẹ́, àkókò ìrun ti tó. Èmi mọ̀ pé kò ní pẹ́. Omi tó bá ń gbóná máa ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á sì wá ibi gíga rẹ̀ jókòó. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó yí i padà nítorí tèmi.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo padà lọ láti wá tún ẹ̀rọ kan tó ń jò ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà. Ìyàwó tíṣà kan ń rọbí nínú ilé. Tíṣà náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, ó ń nu awò ojú rẹ̀ tí kò dọ̀tí. Mo gbọ́ nígbà tí ọmọ jáde, torí ìyá rẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbọ́ pé wọ́n ṣí ẹ̀rọ. Omi ń dà, ó ń dà. Màmá Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ láti inú yàrá, ohùn rẹ̀ kò ga.

“Tútù ni. Ẹ gbé kẹ́tùrù wá.”

Ọmọbìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́ sáré gba iwájú mi kọjá lọ sí ilé ìdáná. Ó jìn. Èmi ló yẹ kí n ti sọ ọ̀nà yẹn di kúkúrú. Súpánà wà lọ́wọ́ mi lásán. Tíṣà yíjú sí mi, ó fi ọ̀wọ̀ bi mí bí ẹni pé èmi ni mo mọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò yẹ ká ti gbọ́ igbe ọmọ báyìí?”

Ọmọbìnrin náà gbé kẹ́tùrù kọjá, omi ń ta sí i lẹ́sẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka bíríkì ara ògiri. Mo ti kà á dé àádọ́ta ó lé díẹ̀ kí ọmọ náà tó ké, igbe tín-ín-rín, bí igbe ọmọ ewúrẹ́. Tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀.

Nígbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì jáde, apá aṣọ rẹ̀ méjèèjì ti tutù. Ó ní, “Kí ló ṣe omi mi?” Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ìkòkò, bíríkì, iyẹ̀pẹ̀, ewéko. Mo sọ ti onílé Múṣin pẹ̀lú, torí ẹnu mi kò ṣeé dá dúró mọ́. Kò sọ pé kí n dìde. Nígbà tó yá, ó ní kí n máa bọ̀.

Ó mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó dúró níbi òkìtì tí mo ṣe, ó ń na ọwọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí jẹ́ ti ọmọ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì reluwé. Èyí jẹ́ ti ìbejì ìyá kan tó ń rán aṣọ ní Sábó. Èyí, ìyá rẹ̀ kú, ọmọ wà láàyè. Kò wo ìwé kankan.

Ó ní, “Ta lo rò pé ó sin wọ́n?”

Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀ náà.

“Èmi ni. Gbogbo ẹni tó ń yá yàrá gbé ní Yábàá yìí, onílé ń lé wọn. Ìwọ nìkan kọ́. Mo sọ fún wọn pé ilẹ̀ tèmi gba ọmọ.” Ó yíjú sí mi. “O lè gbọ́n tó láti so páìpù tí ọ̀gá rẹ kò mọ̀, o ò wá lè bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ.”

Ó wọlé. Ó yẹ kó na mí tàbí kó bú mi, ìyẹn ì bá sàn. Odindi ọdún mélòó ni mo fi ń sọ pé àwọn ará Èkó kò mọ̀ mí, láìjẹ́ pé èmi gan-an fẹ́ mọ ẹnìkan nínú wọn. Ẹ̀rín tí wọ́n rín mi ní ọjọ́ kìíní ni mo gbé dání káàkiri, mo sọ ọ́ di ìlú Èkó lódindi.

Ọ̀gá Lásísì dé lọ́jọ́ kejì. Mo tún jẹ́wọ́ fún òun náà, mo ti ń retí kó ní kí n máa lọ. Ó wo ilẹ̀ náà pẹ́. Ó ní, “Wọ́n sin olóbi tèmi sí ìdí igi ọsàn kan ní Múṣin. Wọ́n ti gé igi yẹn, wọ́n la títì gba ibẹ̀.” Ó mú òòlù, ó fún mi ní ìkejì.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí páìpù lè gbà láìgòkè àti láìkan ìkòkò, abẹ́ etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, sìmẹ́ńtì tí ọkọ Màmá Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò. A sọ fún un, a ń bẹ̀rù. Ó ní kí a fọ́ ọ, ó sì wọlé lọ ti fèrèsé kó má bàa gbọ́ ọ. Ọjọ́ méjì ni a fi fọ́ ọ. A fi omi inú rọ́bà gígùn wọn bí ọ̀nà náà ṣe dà, kí ó má sí ibi tó ga ju ibi tó ṣáájú rẹ̀ lọ, láti ẹnu ẹ̀rọ dé ìdí táńkì. Ní ibi àwọn ìkòkò, páìpù náà gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, kò tó ìbú ọwọ́ méjì sí wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń lọ síbẹ̀ ní àràárọ̀ láti fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Gbígbóná ló ń jáde.

Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé, ọwọ́ àárọ̀ ni Abẹ̀ní bí, kò rọrùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá Nọ́ọ̀sì jáde wá wò mí. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ṣí ẹ̀rọ, mi ò ka bíríkì, torí igbe ọmọ ti jáde kí n tó wá bíríkì kìíní. Obìnrin ni. Màmá Nọ́ọ̀sì gbé ìkòkò kan fún mi ní ẹnu ọ̀nà, ó bi mí pé ṣé kí ó bá mi dì í dáadáa kí Ìyá Aláta gbé e lọ sí Kétu, tàbí ibí. Mo rántí ìkòkò tuntun tí ìyá mi ti rà sílẹ̀. Mo rántí ìyá àgbà Múṣin tó gba ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi, tí mi ò sì rí i mọ́. Mo ní ibí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbé e kúrò lójú mi. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, nítòsí àwọn tó kù.

Mo ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí Ìyá Aláta padà dé lóṣù kejì, mo bi í pé kí ni ìyá mi wí. Ó ní ìyá mi gbọ́. Mo ní kí ló wá wí. Ó ní ó gbọ́ ni, ó dìde, ó lọ gbálẹ̀. Oṣù kẹta bẹ́ẹ̀, oṣù kẹrin bẹ́ẹ̀. Mo ń ṣa ata, kò sí ìròyìn kankan nínú rẹ̀ tó jẹ́ tèmi. Èmi tí mo ń sunkún pé onílé lé mi, mo wá dà bí ẹni tó lé ìyá rẹ̀.

Inú ọyẹ́ ni ìyá mi wá. Kò ránṣẹ́ ṣáájú. Ìyá Aláta ló mú un wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, ètè rẹ̀ ti bó, ẹrù kékeré kan wà ní abíyá rẹ̀. Ó gbé ọmọ, ó wo ojú rẹ̀, ó gbé e fún ìyá rẹ̀ padà. Ó ní kí n mú òun lọ síbẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kí i, ìyá mi náà fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n di ara wọn mú. Mo fi ibẹ̀ hàn án. Ó ní kí a fún òun ní àyè, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró sórí ilẹ̀ náà. Ọyẹ́ ti sọ gbogbo ilẹ̀ Yábàá di tútù láàárọ̀ yẹn. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ kan, tó tún gbé e padà síbẹ̀.

“Ilẹ̀ yìí lọ́ wọ́ọ́rọ́,” ló wí.

Mo ní páìpù ló wà nísàlẹ̀. Mo ṣàlàyé bí omi ṣe ń jáde kúrò ní táńkì, tó ń lọ dé yàrá ìgbẹ̀bí, tó sì ń gba ibí padà sílé, tọ̀sán tòru, láìsí ẹni tó ń tì í. Mo sọ̀rọ̀ jù, torí mò ń bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà náà ló tú ẹrù abíyá rẹ̀. Ọkọ́ kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, ọkọ́ tó fi ń ro ẹ̀yìnkùlé wa, pẹ̀lú ìkòkò tuntun yẹn tí ó fi aṣọ funfun wé.

“Mo wá láti hú u ni,” ló wí. “Kí n gbé e lọ sílé.” Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí ilẹ̀. “Otútù máa mú un lọ́nà.”

Ó dá ọkọ́ padà sínú ẹrù. Ìkòkò náà ló nà sí mi.

“Ẹ fi sin ti àbúrò rẹ̀.”

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ síbi tí ọkọ̀ Kétu ti ń gbéra.